Bí a ṣe ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ gálásì tí inú rẹ̀ ń hó, láti ìgbì rédíò títí dé gamma

Bí ẹ bá ya BL Lac ní fọ́tò lálẹ́ òní, tí ẹ tún yà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣeé ṣe kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, tàbí kó ti já sí ìdajì. Ìràwọ̀ lásán ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Cuno Hoffmeister, ará Jámánì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1929 pé ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan ni. Ó di 1968 kí àwọn onímọ̀ tó rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìgbì rédíò alágbára kan ti ń wá. Gálásì ni, ìyẹn àgbájọ ràgàjì àwọn ìràwọ̀. Ihò dúdú (black hole) ràgàjì kan wà ní àárín rẹ̀ tó ń gbé gáàsì mì, iná tó sì ń jáde láti àyíká rẹ̀ lè borí ti gbogbo ìràwọ̀ inú gálásì náà.

Ẹ lè tẹ̀lé irú gálásì bẹ́ẹ̀ láti Kubwa, Gwagwalada, Kaduna tàbí Jos. Laptop kan àti íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Awò-awọ̀nàjíjìn jẹ́ àfikún tó dùn mọ́ni. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni aago. Ohun tí a ń wá ni pé: nígbà tí iná náà ru sókè, ìgbì wo ló kọ́kọ́ rí i, èwo ló tẹ̀lé e, ìdádúró àárín wọn sì tó mélòó? Ẹni tó da aago Nàìjíríà pọ̀ mọ́ aago UTC, tó jẹ́ aago àjùmọ̀lò àgbáyé, tó wá ń náwó sórí kámẹ́rà tuntun, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń wá

Ìgùn ìgbì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé kan náà. Nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní Seyfert, bíi NGC 4151 àti NGC 5548, gáàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ló ń yí ihò dúdú náà po. X-ray ń wá láti inú gáàsì gbígbóná janjan tó sún mọ́ ihò náà pẹ́kípẹ́kí. Ultraviolet ń wá láti apá inú àwo náà, ìmọ́lẹ̀ búlúù àti pupa ń wá láti apá tó jìnnà sí i, infrared sì ń wá láti ara eruku tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Bí iná inú bá ru sókè, ìròyìn rẹ̀ á máa rìn síta: ultraviolet á gbọ́, búlúù á tẹ̀lé e, pupa á tẹ̀lé búlúù láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, eruku á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ní 2014, awò méjì tó wà lókè òfúrufú, Hubble àti Swift, tẹjú mọ́ NGC 5548 fún bí oṣù mẹ́fà. Ìdádúró tí wọ́n rí gùn tó bí ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìṣirò àwo gáàsì lásán sọ.

Oríṣi kejì ni blazar: BL Lac, OJ 287, Mrk 421, 3C 279. Nínú tiwọn, jet kan ń tú jáde láti ẹ̀gbẹ́ ihò dúdú bí omi tó ń tú láti inú páìpù tó bẹ́. Eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí ló sì kọjú sí. Electron inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ lọ́nà méjì. Bó ṣe ń yí po nínú agbára òòfà, ó ń tan rédíò títí dé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, nígbà mìíràn títí dé X-ray. Bó bá kọlu ìmọ́lẹ̀ mìíràn, ó lè tì í sókè dé gamma. Ìdí nìyí tí ìmọ́lẹ̀ ojú àti gamma fi sábà máa ń gòkè pa pọ̀. Rédíò máa ń pẹ́ kó tó dé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, torí pé ìdí jet náà ki jù fún ìgbì rédíò láti là kọjá. Ó dìgbà tí ohun tó ru sókè bá rìn dé ibi tó ti fẹ́lẹ́ kí rédíò tó rí àyè jáde.

Bí ìyípadà ṣe yá tó tún ń sọ bí ibi tó ń tàn ṣe tóbi tó. Ìmọ́lẹ̀ ń rin bílíọ̀nù kìlómítà 26 lójúmọ́ kan. Ohun tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ò lè para dà lódindi láàárín ọjọ́ kan, torí ìròyìn ò tíì dé òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù keje 2006, àwọn awò H.E.S.S. ní Namibia rí PKS 2155−304 tí gamma rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 200. Ìmọ́lẹ̀ ń rin mílíọ̀nù kìlómítà 60 láàárín àkókò yẹn, èyí ò tó ìdajì ọ̀nà ilẹ̀ ayé sí oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ihò dúdú tó wúwo tó bílíọ̀nù oòrùn kan, láti àárín rẹ̀ dé etí tó bílíọ̀nù kìlómítà mẹ́ta. Eré tí jet náà ń sá bọ̀ lọ́dọ̀ wa ló ń ki àkókò pọ̀ lójú wa.

Èwo la lè rí láti Abuja, nígbà wo?

Abuja wà ní 9° àríwá, nítorí náà ọ̀run àríwá àti ti gúúsù ló ṣí sílẹ̀ fún wa. Ojú ọjọ́ ni ìṣòro. Òjò gba oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Ọyẹ́ ń gbé eruku Bodélé wá láti Chad láti bí ìparí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì. Àlàfo méjì ló wá kù tó dáa: ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá, àti ìparí oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin.

Ní àárín oṣù kọkànlá, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, BL Lac á wà lókè níhà àríwá, ní 57° sókè láti ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. PKS 2155−304 á wà níhà gúúsù ní 51°, 3C 454.3 á sì tẹ̀lé wọn, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí àtàrí. Ní àárín oṣù kẹta, OJ 287 á dé òkè ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, Mrk 421 á dé ní ọ̀gànjọ́, NGC 4151 àti 3C 273 á dé lẹ́yìn bíi wákàtí kan sí i.

BL Lac la máa ń gba olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti mú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ láti bíi magnitude 12 títí dé 16 (magnitude ni ìwọ̀n dídán; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ohun náà ṣe mọ́lẹ̀ tó), ẹ ò ní í pẹ́ rí i kó yí. 3C 273 rọrùn láti rí ní bíi magnitude 12.9, òun sì ni quasar (àárín gálásì tó ń tàn débi tó fi dà bí ìràwọ̀) àkọ́kọ́ tí Maarten Schmidt mọ ìdí rẹ̀ ní 1963, àmọ́ ìyípadà rẹ̀ falẹ̀. Ẹ lè wò ó fún oṣù kan kí ẹ má rí nǹkan. Kí Mrk 421 dúró dìgbà tí ọwọ́ bá mọ́: ìràwọ̀ 51 UMa, tó mọ́lẹ̀ tó magnitude 6, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, dídán rẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú fọ́tò.

Dátà tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́

Fún gamma, ẹ lọ sí Light Curve Repository ti Fermi, sátẹ́láìtì tó gòkè ní oṣù kẹfà 2008. Ohun tó lé ní 1,500 ló wà níbẹ̀, láti agbára 100 MeV sí 100 GeV, ẹ sì lè yan ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀. Ti ọjọ́ mẹ́ta wà fún ìgbà tí iná bá ru. Ẹ óò rí àwọn àmì kan tó jẹ́ òpin òkè nìkan, ìyẹn pé Fermi ò rí i dájú lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má kà wọ́n sí ìwọ̀n gidi, ẹ má sì pa wọ́n rẹ́. Ẹ fi wọ́n sí òpó tiwọn. Ẹni tó bá pa wọ́n rẹ́ ti ju gbogbo ọjọ́ tí gálásì náà rẹ̀wẹ̀sì nù nìyẹn, ìpíndọ́gba rẹ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún X-ray àti ultraviolet, Swift la ń lò, tó ti wà lókè láti 2004. Awò X-ray rẹ̀, XRT, ń wo agbára 0.3 sí 10 keV, awò ultraviolet rẹ̀, UVOT, sì ní fílítà mẹ́fà, V, B, U, UVW1, UVM2, UVW2. Ìgbà tí ẹnì kan bá bẹ̀ ẹ́ ló ń wo nǹkan, nítorí náà àlàfo inú dátà rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí iná bá ru làwọn èèyàn sábà máa ń bẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìpíndọ́gba rẹ̀ náà máa ń ga.

Fún ìmọ́lẹ̀ ojú, ZTF, awò kan ní California tó ń ya ọ̀run léraléra, ti ń lo fílítà g, r àti i láti 2018, ó sì ń rí títí dé bíi −30° níhà gúúsù ọ̀run. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju bíi magnitude 12.5 sí 13 lọ ń kún kámẹ́rà rẹ̀ jù, nítorí náà ẹ fura sí i nígbà tí BL Lac bá ta iná gan-an, ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. ASAS-SN, àkójọ àwọn awò kéékèèké káàkiri ayé, máa ń gbà á níbẹ̀, àmọ́ píksẹ́lì rẹ̀ fẹ̀ tó 8 arcsecond (3,600 arcsecond ló wà nínú 1°), ó máa ń da ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò pọ̀. Fílítà V ló ń lò tẹ́lẹ̀, ó yí sí g ní 2018. Ẹ má so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

Fún rédíò, awò mítà 40 ti ibùdó OVRO ń wo blazar tó lé ní 1,800 ní 15 GHz, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti 2008. Sátẹ́láìtì NEOWISE ní infrared ní 3.4 àti 4.6 micron títí dé oṣù keje 2024, àmọ́ oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń padà síbì kan, ìyípadà ọlọ́dún nìkan ló lè fi hàn yín.

Aago kan ṣoṣo

Kí ẹ tó ya ìlà kankan tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí hàn, ẹ sọ gbogbo àkókò di MJD, ìyẹn irú JD (kíka ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ láìpín in sí oṣù tàbí ọdún) tí a dín nọ́ńbà rẹ̀ kù. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin; aago 8:30 alẹ́ ní Abuja jẹ́ 19:30 UTC, ìyẹn ìdá 0.8125 nínú ọjọ́. JD lásán máa ń pa ọjọ́ dà ní ọ̀sán gangan UTC, aago kan ọ̀sán tiwa, nígbà tí MJD ń pa á dà ní ọ̀gànjọ́ UTC: MJD = JD − 2,400,000.5. Fermi ní tirẹ̀ lè fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti 1 oṣù kìíní 2001. Ẹ pín in sí 86,400, kí ẹ fi 51,910 kún un. Bó bá jẹ́ 700,000,000, ó di 8,101.85, MJD sì jẹ́ 60,011.85, ìyẹn alẹ́ 8 oṣù kẹta 2023. Ẹ fi ọjọ́ yìí dán ìlànà yín wò: MJD 60,000 gbọ́dọ̀ jẹ́ 25 oṣù kejì 2023.

ASAS-SN ń lo HJD, ìyẹn JD tó ti ṣírò ipò oòrùn mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀ lọ. Kò já mọ́ nǹkan fún ìdádúró ọlọ́jọ́, àmọ́ ó já mọ́ nǹkan fún ti wákàtí.

Awò tiyín lábẹ́ ọ̀run Abuja

Awò ìnṣì mẹ́jọ, kámẹ́rà aláwọ̀-kan tó ní fíríìjì inú, àti fílítà B, V àti R tó. Ìdúró awò ló máa ń kọ́kọ́ fa wàhálà. Òpó rẹ̀, èyí tó ń kọjú sí àríwá, gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀ dé 9°, àwọn kan ò sì lè rẹlẹ̀ ju bíi 15° lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Bó bá ti wà nílé, ẹ mú kí ẹsẹ̀ ọ̀kánkán àríwá kúrú tàbí kí ẹ gbé méjì yòókù ga, kí ẹ sì so ẹrù mọ́ ọn kó má baà ṣubú. Polaris, ìràwọ̀ àríwá, náà wà ní 9° péré, eruku àti òrùlé ilé sábà máa ń bò ó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi fọ́tò ìràwọ̀ mọ ibi tí awò kọjú sí.

Ní oṣù kẹta, alẹ́ Abuja lè gbóná dé 28°C. Kámẹ́rà tó lè fi 35° tutù ju afẹ́fẹ́ lọ á dé −7°C pẹ̀lú ìpọ́njú. Ẹ fi sí −5°C, kó lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá ń lọ sókè sódò, fọ́tò òkùnkùn tí ẹ yà (èyí tí a yà pẹ̀lú ìdérí lójú awò) ò ní í bá a mu mọ́. Ẹ ya fọ́tò òkùnkùn 20 ní ooru àti àkókò kan náà pẹ̀lú fọ́tò gidi. Fọ́tò flat, ìyẹn ojú ọ̀run tó ṣófo ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ya 15 fún fílítà kọ̀ọ̀kan, kí ìkún rẹ̀ wà ní bíi 30,000 nínú 65,535. Ilẹ̀ ń tètè ṣú níbí, ìṣẹ́jú bíi 15 lẹ ní. Ẹ fi B bẹ̀rẹ̀ torí òun ló nílò ìmọ́lẹ̀ jù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa ṣe flat lójoojúmọ́. Eruku tó bá bà lé gíláàsì lónìí ò sí nínú flat àná, àbàwọ́n rẹ̀ á sì dúró sójú fọ́tò bí òrùka dúdú, tó lè fi ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún jí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Iná lè lọ nígbàkigbà. Bátìrì 12 V, 100 Ah, á gbé ìdúró awò àti kámẹ́rà tó ń mu bíi ámpíà márùn-ún fún wákàtí mẹ́jọ, ó sì máa kù díẹ̀ kó dé ìdajì, ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró. Bí laptop bá kú tó tún jí, ẹ ṣàyẹ̀wò aago rẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò mìíràn.

Fún ohun tó wà ní magnitude 13, ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 120 ní R máa ń tó. Ẹ ya B, V, R, R, V, B, ní ìtẹ̀léra yẹn. Bí ẹ bá ya gbogbo B tán kí ẹ tó fọwọ́ kan R, tí gálásì náà wá ń gòkè láàárín rẹ̀, ẹ óò rí àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má ya ohun tó bá rẹlẹ̀ ju 30° lọ.

Lórí fọ́tò, ẹ fi òrùka ká gálásì náà, ẹ fi òrùka kan náà ká ìràwọ̀ ìfiwéra mẹ́ta ó kéré tán, àti ìràwọ̀ ẹlẹ́rìí kan. Àwòrán AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí, ń fi magnitude àwọn ìràwọ̀ tó yí BL Lac àti OJ 287 ká hàn. Ká ní kámẹ́rà ka 84,000 fún gálásì, ó ka 210,000 fún ìràwọ̀ ìfiwéra tó wà ní 12.50. Ìpín wọn jẹ́ 0.4, −2.5 lọ́nà log 0.4 jẹ́ 0.995, magnitude gálásì jẹ́ 13.495. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún ẹlẹ́rìí. Ìràwọ̀ ẹlẹ́rìí kì í yí. Bí tirẹ̀ bá gbọ̀n tó 0.03, ìyípadà 0.03 tí ẹ rí lára gálásì kì í ṣe ti gálásì. Àwọsánmà tín-tín tàbí flat tí kò dáa ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Fún NGC 4151 àti Mrk 421, tí gálásì tó yí àárín ká hàn lójú fọ́tò, ìwọ̀n òrùka gbọ́dọ̀ dúró sójú kan ní arcsecond lójoojúmọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà máa fẹ̀ ẹ́, kó máa sún un kì, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọ̀n sí, ìràwọ̀ inú gálásì náà á máa wọlé, á máa jáde, ẹ óò sì gbà pé ihò dúdú ló ń ṣe é.

Láti magnitude sí agbára, kí ẹ tó fi wéra

Magnitude ò ṣeé fi wé gamma tàbí rédíò tààrà. Ẹ sọ ọ́ di jansky (Jy), ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní V, magnitude 0 jẹ́ bíi 3,640 Jy, magnitude 13 wá di 3,640 × 10^(−5.2), bíi 0.023 Jy. Ṣùgbọ́n eruku inú gálásì tiwa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Níbi tí BL Lac wà, ó ń jí bíi magnitude 0.9 ní V, ju bẹ́ẹ̀ lọ ní B. Ojúewé NED, àkójọ dátà gálásì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní iye rẹ̀ fún fílítà kọ̀ọ̀kan.

Láti mọ ìgbì tó ń yí jù, Fvar, ìwọ̀n bí ìyípadà ṣe tó sí ìpíndọ́gba, la ń lò: ẹ gba S, bí àwọn ìwọ̀n yín ṣe fọ́n ká sí; ẹ sọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ yọ ìpíndọ́gba wọn kúrò nínú S²; ẹ wá gbòǹgbò (√) ohun tó kù, kí ẹ pín in pẹ̀lú ìpíndọ́gba agbára. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ 20 mJy (1,000 mJy ni 1 Jy), tí S jẹ́ 4, tí àṣìṣe jẹ́ 0.5, √15.75 ÷ 20 jẹ́ 19.8%. Bí S bá jẹ́ 0.6 péré, ó já sí 1.7%. Bí iye abẹ́ gbòǹgbò bá kéré sí òdo, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí ìyípadà. Ẹ má fi Fvar gamma ọlọ́sẹ̀ wé Fvar V ti alaalẹ́ láì kọ́kọ́ kó V jọ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, torí kíkó jọ máa ń tẹ́ òkè pẹrẹsẹ.

Àwọ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Irú BL Lac sábà máa ń túbọ̀ búlúù bó bá mọ́lẹ̀ sí i, nítorí electron alágbára tuntun ni. Irú 3C 454.3 sábà máa ń pọ́n sí i, torí jet pupa ń bo ìmọ́lẹ̀ búlúù àwo gáàsì mọ́lẹ̀.

Fún ìdádúró, ẹ gbé ìlà kan sórí èkejì, kí ẹ máa sún un ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wọn bí wọ́n ṣe bára mu tó. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Pyccf ń ṣe é nínú Python. Gamma ọlọ́sẹ̀ ò lè fi ìdádúró ọjọ́ méjì hàn yín, kódà bí ètò bá tẹ nọ́ńbà náà jáde. Ìlà méjì tí kò mọ ara wọn rí náà lè bára mu, torí ìmọ́lẹ̀ blazar máa ń rọra gòkè, rọra sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ dá ìlà ayédèrú bí 1,000 tó ń rìn bí ti gidi, kí ẹ wò ó bóyá ìbáramu tiyín ta tiwọn yọ.

Bí ìlà tiyín láti Abuja bá fi ìyípo ọdún kan gẹ́lẹ́ hàn, àlàfo òjò ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ mú dátà ASAS-SN fún gálásì kan náà, ẹ pa oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá rẹ́ nínú rẹ̀, ẹ tún ìṣirò náà ṣe. Bí ìyípo ọdún kan bá yọjú sínú dátà tí kò ní i tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àbájáde yín.